Bí Ọ́ńpáyà Kíríkẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Dé Ìdíje Àgbáyé Láti Orílẹ̀-èdè Kékeré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ta là ń pè ní ọ́ńpáyà àgbáyé?

Ọ́ńpáyà ni adájọ́ orí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ti àgbáyé ni ẹni tó ti dúró nínú ìdíje tí ICC, àjọ tó ń ṣàkóso kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, kà sí ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè: Test (ọlọ́jọ́ márùn-ún), ODI (over 50 fún ẹgbẹ́ kan) tàbí T20I (over 20). Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni over kan. Ọ́ńpáyà méjì ló máa ń wà lórí pápá. Ọ̀kan á dúró lẹ́yìn stumps (igi mẹ́ta tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń dáàbò bò) níbi tí bowler, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ti ń sáré bọ̀, èkejì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní square leg. Níbi tí tẹlifíṣọ̀n bá wà, ẹ̀kẹta á jókòó ti ẹ̀rọ, ẹ̀kẹrin á sì máa tọ́jú bọ́ọ̀lù tí wọ́n lè fi pààrọ̀ èyí tó bá sọnù tàbí tó bá bàjẹ́.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2019 ni gbogbo ìdíje T20 tí ọkùnrin orílẹ̀-èdè méjì nínú ICC bá gbá ti ń jẹ́ T20I. Ti obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2018. Ìpinnu yìí ló ṣí ilẹ̀kùn fún ọ́ńpáyà láti Nàìjíríà, Gánà, Rwanda àti irú wọn. Kó tó di ìgbà yẹn, ènìyàn lè fi ogún ọdún dúró lórí pápá nílé kí orúkọ rẹ̀ má wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ni ìyàtọ̀ Full Member àti Associate, kí ló sì kan ọ́ńpáyà níbẹ̀?

Full Member jẹ́ 12: Afghanistan, Ọsirélíà, Bangladesh, Ẹ́ńgíláǹdì, Íńdíà, Ireland, New Zealand, Pakistan, Gúúsù Áfríkà, Sri Lanka, West Indies àti Zimbabwe. Àwọn yòókù, tí wọ́n tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, ni Associate. Nàìjíríà wọ ICC ní 2002 gẹ́gẹ́ bí Affiliate, ìpele tó wà lábẹ́ Associate, ó sì di Associate ní 2017 nígbà tí wọ́n fagi lé ìpele Affiliate.

Ó kan ọ́ńpáyà gidigidi, nítorí pé orílẹ̀-èdè tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ló ń sọ ibi tí àkàbà yín máa parí sí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ààyè. Ní oṣù kìíní 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọdún 19 fi run (àmì ayò) méjì borí New Zealand nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Sarawak, ní Malaysia. Ọ́ńpáyà kò ní ìdíje kankan tó lè borí. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Páńẹ̀lì mélòó ló wà?

Mẹ́ta. Àkójọ orúkọ àwọn ọ́ńpáyà ni páńẹ̀lì. Òkè pátápátá ni Elite Panel, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002. Ènìyàn mẹ́jọ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, Russell Tiffin ará Zimbabwe sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 2025 wọ́n jẹ́ 12. ICC ló gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n sì ń tún orúkọ wọn yẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Lábẹ́ rẹ̀ ni International Panel wà. Àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Full Member kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọn tirẹ̀ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni Development Panel, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ́ńpáyà láti orílẹ̀-èdè Associate. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọ́ńpáyà obìnrin wà, títí kan àwọn tó wá láti Full Member.

Ṣé dandan ni kí n ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì rí?

Ó dára bí ẹ bá ti gbá a, àmọ́ kì í ṣe dandan kí ẹ ti gbá a débi gíga. Simon Taufel ará Ọsirélíà kò gbá first-class (ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ ti ìpele gíga) rí, ẹ̀yìn ló ń dùn ún tó fi dá bọ́ọ̀lù dúró. Síbẹ̀ ó dúró nínú Test nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 29, ó sì gba ẹ̀bùn ọ́ńpáyà tó dára jù lọ ní ICC lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, láti 2004 dé 2008. Steve Bucknor ará Jamaica náà kò gbá first-class, ìdíje Test tó darí sì jẹ́ 128.

Ohun tí ẹni tó ti gbá a fi ń ṣáájú ni pé ó mọ ohùn bọ́ọ̀lù tó kan bat (pátákó tí wọ́n fi ń gbá a) yàtọ̀ sí èyí tó kan paadi (ààbò ẹsẹ̀). Ẹni tí kò bá gbá a rí lè kọ́ èyí: kó lọ máa dúró lẹ́yìn àwọ̀n ìdánrawò, ní ẹ̀gbẹ́ bowler, fún wákàtí méjì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ fún ọ́ńpáyà tí ICC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù sì tó láti fi ṣe é. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè yín tàbí ẹ̀ka rẹ̀ ní ìpínlẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí Level 1 tó ń bọ̀ máa wáyé. Level 1 àti Level 2 ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojúkojú, ìdánwò orí ìwé, àti àyẹ̀wò lórí pápá.

Ẹ má dúró de Level 1 kí ẹ tó máa darí ìdíje. Ilé-ẹ̀kọ́ àti yunifásítì máa ń wá ọ́ńpáyà, wọn kì í sì í rí. Bó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, pápá TBS (Tafawa Balewa Square) àti ti yunifásítì Èkó ni kí ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ Àbújá, ẹ lọ sí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú pápá ìṣeré Moshood Abiola. Eré yìí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa: 1904 ni Èkó ti gbàlejò Gold Coast (Gánà òní) fún ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ gbogbo ìdíje sí: ọjọ́, pápá, ẹgbẹ́ méjèèjì, iye over, ẹni tí ẹ jọ dúró, ìdájọ́ tó le, àti ohun tí kápútéènì méjèèjì sọ. Ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí i kò ní rántí yín. Ìwé yẹn ló máa sọ̀rọ̀.

Ìwé òfin wo ni kí n kà?

Méjì ni, àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé èkejì. Àkọ́kọ́ ni Laws of Cricket, tí ẹgbẹ́ MCC ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Òfin 42 ló wà nínú rẹ̀. Àtúnkọ 2017 ni, wọ́n sì ti tún un ṣe láti oṣù kẹwàá 2022. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín bá ṣì sọ pé batter (ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù) méjì tó kọjá ara wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lókè ló ń pinnu ẹni tó máa kojú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn catch (kí wọ́n mú bọ́ọ̀lù kó tó kan ilẹ̀), ìwé yẹn ti pẹ́. Batter tuntun ló máa kojú rẹ̀, àfi bí over bá ti parí.

Èkejì ni playing conditions, ìyẹn òfin ìdíje tí ẹ wà gan-an. Ẹ wo batter tuntun tó pẹ́ kó tó múra tán. Laws fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ODI fún un ní ìṣẹ́jú méjì, T20I fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 90. Angelo Mathews ará Sri Lanka ló kọ́kọ́ ṣubú sọ́wọ́ òfin yìí nínú ìdíje àgbáyé, ní Delhi, oṣù kọkànlá 2023. Ọ́ńpáyà tó bá ka Laws nìkan á dájọ́ tí kò tọ̀nà níbẹ̀, ìdánilójú ni yóò sì fi dá a.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ rà?

Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ka bọ́ọ̀lù mẹ́fà inú over. Bí kò bá sí, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà tó, ẹ máa ti àpò ọ̀tún bọ̀ sí ti òsì. Bails (igi kékeré tó ń wà lórí stumps) méjì àti méjì mìíràn tó wúwo fún ọjọ́ afẹ́fẹ́. Aago ọwọ́, pẹ́ńsù méjì, káàdì kékeré, sísọ́ọ̀sì, aṣọ ìnujú láti nu bọ́ọ̀lù tó tutù, àti owó ẹyọ fún toss.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ìwọ̀n bat. Bat kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà 10.8 lọ, kò gbọ́dọ̀ nípọn ju 6.7 lọ, etí rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 4 lọ. Ẹ mú rọ́bà ìwọ̀n gígùn dání pẹ̀lú, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ pápá wa ìlà ni wọ́n máa ń fà tí kò tọ́. Láti stumps dé popping crease (ìlà tí batter gbọ́dọ̀ wọlé kọjá) gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 1.22. Ìlà wide (bọ́ọ̀lù tó jìnnà jù sí batter) jẹ́ sẹ̀ńtímítà 89 sí àárín stumps. Ẹ wọ̀n ọ́n kí toss tó wáyé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjà ni.

Àṣìṣe wo ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ọ́ńpáyà tuntun?

Ojú tó ń sáré ni ti àkọ́kọ́. Ọ́ńpáyà gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀ iwájú bowler fún no-ball (bọ́ọ̀lù tí wọn kò jù bó ṣe tọ́), kó tún gbé ojú sókè bá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbé orí pẹ̀lú ojú kì í bá bọ́ọ̀lù níbi tó balẹ̀. Ojú nìkan ni kó gbéra, kí orí dúró sójú kan. Bí ẹ bá rí i pé ẹ kì í mọ ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí, ẹ sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, ẹ óò rí ìyàtọ̀.

LBW ni ti èkejì, ìyẹn kí ara batter dá bọ́ọ̀lù tí ìbá kan stumps dúró. Ẹ bi ara yín léraléra báyìí: Ṣé no-ball ni? Ṣé ó balẹ̀ síta leg stump (igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ batter)? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti parí, kò lè jẹ́ out láéláé. Ṣé ó kan bat ṣáájú? Ṣé ó bá ara rẹ̀ láàárín stumps? Bó bá jẹ́ síta off (ẹ̀gbẹ́ kejì) ni, ṣé batter gbìyànjú láti gbá a? Ṣé ìbá kan stumps? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fi bẹ̀rẹ̀, ariwo àwọn agbábọ́ọ̀lù á sì gbé wọn lọ. Ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta kí ìka, àmì out, tó gbéra. Bí wọn kò bá sì kígbe béèrè rárá, Law 31 kò gbà kí ẹ sọ pé ó jáde, bó ti wù kó dá yín lójú tó.

Run out ni ti ẹ̀kẹta, ìyẹn kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù wó stumps kí batter tó ń sáré tó wọlé. Ẹni tó wà ní square leg gbọ́dọ̀ sáré dé ibi tí ojú rẹ̀ bá ìlà mu, kó sì ti dúró jẹ́ẹ́ kí bails tó ṣubú. Ọ́ńpáyà tó ń sáré lọ́wọ́ máa ń rí bat bí ẹni pé ó ti wọlé. Ẹ rántí pé bat tó wà lórí ìlà kò tíì wọlé; ó gbọ́dọ̀ kọjá ìlà.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìtìjú. Bí ẹ kò bá rí i bóyá bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ kí wọ́n tó mú un, ẹ rìn lọ bá ẹnìkejì yín, ẹ bi í. Olùyẹ̀wò kì í gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó béèrè.

Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

Ibí ni àyẹ̀wò Level 2 ti máa ń mú àwọn ènìyàn. Innings kan (àsìkò tí ẹgbẹ́ kan fi ń gbá bọ́ọ̀lù) nínú T20I jẹ́ ìṣẹ́jú 85 fún over 20, ìyẹn ìṣẹ́jú 4.25 fún over kan. Ká ní òjò ti gba ìṣẹ́jú 34 kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ àfikún àkókò èyíkéyìí kúrò. Ẹ fi 4.25 pín 34: over mẹ́jọ ló lọ, mẹ́rin lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ku over 16 fún ẹgbẹ́ kan, bowler kan ṣoṣo ló sì lè ṣe over mẹ́rin nínú rẹ̀, àwọn yòókù kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ.

Kí ìdíje T20I tó ní èsì, ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ ní ààyè láti kojú over márùn-ún ó kéré tán. Ti ODI jẹ́ 20. Ẹ ṣe ìṣirò náà lórí káàdì, kí ẹnìkejì yín ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi wéra, kí ẹ tó lọ bá kápútéènì.

Báwo ni mo ṣe lè rí T20I àkọ́kọ́?

Àǹfààní tó sún mọ́ jù ni kí orílẹ̀-èdè yín gbàlejò. Nínú T20I tí àwọn orílẹ̀-èdè bá fúnra wọn ṣètò, àjọ onílé ló ń yan ọ́ńpáyà. Ìdíje obìnrin tí wọ́n máa ń gbá ní TBS ní Èkó jẹ́ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje ìyege Ife Ẹ̀yẹ, bí èyí tí Àbújá gbàlejò ní oṣù kọkànlá 2024, ICC ló ń pín iṣẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ìdíje ń bọ̀ nílé, ẹ jẹ́ kí ara yín ti yá ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Bí wọn kò bá tilẹ̀ fún yín ní ìdíje gan-an, ẹ gba ti ìdánrawò, ẹ gba iṣẹ́ ọ́ńpáyà kẹrin. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo aago ìṣẹ́jú àáyá 60 tó wà láàárín over méjì: bí ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù bá pẹ́, ìkìlọ̀ méjì ni, ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n á fún ẹgbẹ́ tó ń gbá a ní run márùn-ún. Ọ́ńpáyà tí kò bá lo aago yìí rí nílé máa ń gbàgbé rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wò.

Kí ló ń gbé ènìyàn dé Development Panel?

Ìròyìn tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa yín ló ń gbé yín débẹ̀. Àjọ orílẹ̀-èdè yín á dárúkọ yín fún ẹ̀ka ICC ní Áfríkà, wọ́n á gbé yín lọ sí ìdíje agbègbè, match referee (alábòójútó ìdíje) tàbí olùkọ́ ọ́ńpáyà á sì wò yín níbẹ̀. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ ju ìdájọ́ out àti not out lọ: ibi tí ẹ dúró sí, bí ẹ ṣe bá kápútéènì tó ń bínú sọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹnìkejì, àti bóyá ara yín le.

Wọ́n máa ń sọ èsì fún yín lẹ́yìn ìdíje. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má jiyàn. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ ń yára gbé ìka, ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìdíje tó ń bọ̀ ni bóyá ẹ ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ìwé ìrìnnà ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ju LBW lọ. Ìpè lè dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ ìdíje, físà sì lè gba oṣù kan. Kí páásípọ́ọ̀tù yín máa ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ojú ewé rẹ̀ má ti kún, kí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú wà nítòsí. Ẹni tó bá kọ ìpè nítorí páásípọ́ọ̀tù, ẹlòmíràn á gba ààyè rẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó tún pè é.

Kí ló dé tí DRS fi ń dẹ́rù ba ọ́ńpáyà Associate?

Nítorí pé wọn kì í rí ìlànà yìí, tí wọ́n fi ń fi fídíò àti ẹ̀rọ tún ìdájọ́ ọ́ńpáyà yẹ̀ wò, lò. Ọ̀pọ̀ ìdíje Associate ni kò ní kámẹ́rà tó, kò sì ní ọ́ńpáyà kẹta rárá. Ọ́ńpáyà á darí ìdíje ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ojú àti etí nìkan, lọ́jọ́ kan wọ́n á gbé e síwájú ẹ̀rọ mẹ́fà pẹ̀lú ohùn olùdarí tẹlifíṣọ̀n létí. Èyí ni àìdọ́gba tó ń dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀bi ọ́ńpáyà náà. Ojú rẹ̀ lè dára ju ti ẹni tó dàgbà sídìí ẹ̀rọ lọ.

Ẹ kọ́ ìlànà náà sórí. Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bowler. Èkejì, bóyá bat kan bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹta, ibi tó balẹ̀ sí, ibi tó bá ara, bóyá ó ń lọ kan stumps. Bí kò bá tó ìdajì bọ́ọ̀lù tó ń kan stumps, ìdájọ́ ẹni tó wà lórí pápá ló dúró. Ẹ máa sọ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́nu bí ẹ ṣe ń wò ó. Láti oṣù kẹfà 2023 ni wọ́n ti fagi lé soft signal, ìyẹn èrò tí ọ́ńpáyà orí pápá máa ń kọ́kọ́ sọ kó tó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọ́ńpáyà kẹta, ẹ má wò ó fún ìrànlọ́wọ́ mọ́.

Fóònù mẹ́ta tó láti fi dánra wò: ọ̀kan lẹ́yìn bowler, ọ̀kan ní ìlà apá kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rẹ́ kan máa ṣe olùdarí, kó máa gbé fídíò wá bí ẹ bá béèrè. Ẹ ṣe ogún irú rẹ̀. Níbi kẹwàá, ẹ óò rí i pé ohùn yín kò gbọ̀n mọ́.

Ṣé ọ̀nà obìnrin yàtọ̀?

Òfin kan náà ni, àmọ́ ọ̀nà obìnrin kúrú sí i lásìkò yìí, ẹ sì tètè lò ó. Ní 2025, obìnrin nìkan ni gbogbo ọ́ńpáyà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin, Sarah Dambanevana ará Zimbabwe sì wà lára wọn. Orí pápá Associate ni wọ́n ti kọ ìtàn tó ṣáájú: ní oṣù kẹrin 2019, ní Windhoek, Claire Polosak di obìnrin àkọ́kọ́ tó dúró nínú ODI ọkùnrin, nígbà tí Namibia kojú Oman.

Obìnrin tó bá ní Level 2, tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, kò yẹ kó dúró de ìdíje obìnrin nìkan. Kó máa béèrè ìdíje ọkùnrin nílé, nítorí pé níbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń yára jù.

Ṣé iṣẹ́ yìí lè bọ́ ìdílé?

Lórí Elite Panel, bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ alákòókò kíkún ni. Lórí Development Panel, rárá. Owó ìdíje, owó oúnjẹ, ìrìnnà àti ilé ìtura ni wọ́n ń san, ìdíje sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ bá ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi kí ìpè tó dé.

Mo wà ní Ẹ́ńgíláǹdì. Ṣé kí n máa ṣe é níbí?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ ìrírí lẹ ń wá. Líìgì òpin ọ̀sẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń wá ọ́ńpáyà, kọ́ọ̀sì ECB (àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńgíláǹdì) sì wà ní gbogbo county (agbègbè). Sáà kan níbẹ̀ lè fún yín ní ìdíje tí ẹ ò lè rí nílé lọ́dún méjì. Ẹ mọ̀ pé àjọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ló máa dárúkọ yín. Bí ẹ bá fẹ́ dúró fún Nàìjíríà, ẹ ti kọ̀wé sí àjọ ilé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló lè lé mi kúrò pátápátá?

Tẹ́tẹ́. Ọ́ńpáyà kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí kíríkẹ́ẹ̀tì kankan, ì báà ṣe náírà ọgọ́rùn-ún lórí fóònù, ì báà ṣe ìdíje tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá béèrè ipò pitch (ilẹ̀ àárín pápá tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí), ẹgbẹ́ tó máa jáde tàbí kí ẹ ṣe ojú rere, ẹ sọ fún ọ̀gá tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó dákẹ́ ti rú òfin, bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀.

Ṣé ọ́ńpáyà láti Associate lè dé Elite Panel?

Láti 2002 títí di báyìí, kò tíì sí ẹni kan. Inú International Panel ni wọ́n ti ń mú ènìyàn lọ sí Elite, Full Member nìkan ló sì ń yan ènìyàn sí International Panel. Nínú 20 ọ́ńpáyà tó ṣe Ife Ẹ̀yẹ T20 ọkùnrin ní 2024, kò sí ẹni tó wá láti Associate, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Associate gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Amẹ́ríkà tilẹ̀ borí Pakistan. Ó yẹ kí ICC ṣí ẹnu ọ̀nà yìí: ẹni tó bá yege jù lórí Development Panel, kó ní ààyè láti dúró nínú ìdíje Full Member láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ yí ipò padà.

Ọ̀nà tó wà lónìí jẹ́ méjì. Ọ̀kan ni kí orílẹ̀-èdè di Full Member, bí Ireland àti Afghanistan ṣe di í ní oṣù kẹfà 2017, tí àjọ wọn fi rí ẹ̀tọ́ láti yan ọ́ńpáyà. Èkejì ni kí ọ́ńpáyà ṣí lọ sí Full Member, kó tún àkàbà náà gùn láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ orí sì ń lọ.

Ẹni tó bá wà ní Full Member kékeré pàápàá ń dúró pẹ́. Sharfuddoula Ibne Shahid wọ International Panel fún Bangladesh ní 2006, ó dúró nínú ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní 2010, oṣù kẹta 2024 ló tó wọ Elite Panel, ará Bangladesh àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ọdún 18 gbáko.

Fún ẹni tó wà ní Associate, ibi tó ṣeé dé ni Development Panel, ìdíje ìyege Ife Ẹ̀yẹ, àti Ife Ẹ̀yẹ àwọn tí kò tíì pé ọdún 19. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lè di match referee tàbí olùkọ́ ọ́ńpáyà. Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni Áfríkà nílò jù, nítorí pé lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè wa ẹni tó ń wo ọ́ńpáyà tuntun lórí pápá kò ju ẹnì kan tàbí méjì lọ.